Bí A Ṣe Ń Tún Máílééjì Hilux Àtijọ́ Tó Ti Dúró Ṣe

Kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú ètò tí Hilux ìgbà 1980 sí 1989 fi ń ka kìlómítà. Gíà ike kékeré kan jókòó sí ìdí gíábọ́ọ̀sì, òun ló ń yí wáyà máílééjì, wáyà náà sì gba abẹ́ ọkọ̀ lọ sẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù. Nígbà tó bá dé orí sípídómítà, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń yí mágínẹ́ẹ̀tì tó ń fa abẹ́rẹ́, ó sì ń yí àwọn gíà wẹ́wẹ́ tó ń ti nọ́ńbà. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní torí gíà tí kò tó èékánná lọ ra odindi orí tọ́kunbọ̀. Orí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ mìíràn ń gbé máílééjì ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ bọ̀ ni, ó sì lè má bá gíábọ́ọ̀sì tiyín mu.

Ẹ má tíì tú nǹkan kan. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lójú máílééjì sílẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ wá wa ọkọ̀ lọ díẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni yóò sọ ibi tí ẹ̀bi wà. Bí abẹ́rẹ́ bá ń gòkè tó sì ń sọ̀ bó ṣe yẹ, àmọ́ tí nọ́ńbà kò mira, wáyà kò jẹ̀bi rárá. Inú orí sípídómítà ni ẹ ó wò. Bí abẹ́rẹ́ àti nọ́ńbà bá jọ kú pọ̀, wáyà ti já tàbí gíà ike ìdí gíábọ́ọ̀sì ti jẹ. Bí abẹ́rẹ́ bá ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, tí nǹkan sì ń kùn lẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù, wáyà ti gbẹ, tàbí ó ká kọ́rọ́ níbì kan. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ já.

Ẹ jẹ́ ká ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ló rọrùn jù. Ẹ yọ orí wáyà lẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù, kí ẹnì kan máa wò ó, kí ẹ̀yin sì ti ọkọ̀ síwájú ní mítà 10 lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Japan ìgbà yẹn ń yí wáyà ní ìgbà 637 nínú kìlómítà kan, nítorí náà ẹ ó rí i kó yí bí ìgbà mẹ́fà lé díẹ̀. Bó bá yí, ìsàlẹ̀ dára. Bí kò bá yí, ẹ fi igi dí táyà kí ọkọ̀ má bàa yí lọ, kí ẹ wọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ tú nọ́ọ̀tì tó di wáyà mú lára gíábọ́ọ̀sì, kí ẹ sì fa irin inú wáyà jáde. Ẹ wo ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì dáadáa. Igun mẹ́rin ló yẹ kí ó ní. Bí igun náà bá ti jẹ tó di roboto, yóò máa yí lófìfo nínú ihò rẹ̀, bí irin náà ò tilẹ̀ já. Ẹ fi ìka tọ́ gbogbo gígùn rẹ̀. Ibi tó bá ti ṣẹ́ tàbí tó ta fọ́nrán yóò gún yín lọ́wọ́.

Bí irin bá dára, ẹ fi pẹtiróòlù fọ gírísì àtijọ́ kúrò lára rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá fi gírísì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa á. Ibi tí iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́ nìyí o: ẹ má fi gírísì kan nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 tó kẹ́yìn sí ọwọ́ òkè. Bí irin bá ti ń yí ni gírísì ń gùn ún lọ sókè. Nígbà tó bá dé inú orí sípídómítà, yóò so mágínẹ́ẹ̀tì àti ife alumí tó yí i ká pọ̀, abẹ́rẹ́ yóò sì máa ka iyàrá tí ọkọ̀ kò sá. Bí ẹ bá ń dá wáyà padà, ẹ má jẹ́ kó ká kọ́rọ́ níbì kankan, ẹ sì má jẹ́ kó fara kan sàléńsà, torí ooru rẹ̀ yóò yọ́ èèpo wáyà náà.

Bí irin wáyà kò bá ní àbùkù síbẹ̀ tí kò yí, gíà ike ló kù. Bọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló di ìjókòó rẹ̀ mú sára gíábọ́ọ̀sì. Ẹ gbé abọ́ sábẹ́, nítorí óyìlì yóò kán. Ẹ fa á jáde, kí ẹ ka eyín gíà náà, kí ẹ sì wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Òmíràn tó bá ní iye eyín kan náà ni kí ẹ rà. Gíà tí eyín rẹ̀ bá pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ yóò mú kí máílééjì ka kéré, èyí tí eyín rẹ̀ bá kéré yóò mú kó ka pọ̀. Ẹ pààrọ̀ òrùka rọ́bà tó wà lára ìjókòó náà àti síìlì kékeré inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Síìlì inú yìí kì í náni lówó, ṣùgbọ́n bó bá ti gbó, óyìlì gíábọ́ọ̀sì yóò gba inú wáyà gòkè títí dé ojú sípídómítà. Bí ẹ bá rí óyìlì lẹ́yìn gíláàsì, ibẹ̀ ló ti wá.

Inú orí sípídómítà fẹ́ sùúrù àti tábìlì tó mọ́. Ẹ tú ẹsẹ̀ òdì (−) bátìrì, ẹ yọ súkúrù tó yí ojú dáṣíbọọ̀dù ká, kí ẹ na ọwọ́ sẹ́yìn tẹ ahọ́n ike tó di wáyà mú. Ẹ ya fọ́tò gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó yọ wọ́n. Ẹ má fi ọwọ́ kan abẹ́rẹ́ bí kò bá pọn dandan, ẹ má sì fi ohunkóhun kan okùn wáyà tín-ín-rín tó ká bí ìgbín lábẹ́ rẹ̀. Okùn yẹn ló ń dá abẹ́rẹ́ padà sí òdo. Bó bá tẹ̀ díẹ̀, sípídómítà kò tún ní sọ òótọ́ mọ́.

Ẹ fi bírò fa ilà kan tó gba orí gíà kọjá sórí ṣáàfù tó jókòó lé, kí ẹ wá fi ìka yí ìdí ibi tí wáyà ń wọ̀. Bí ilà náà bá pín sí méjì, gíà ti ń yọ̀ lórí ṣáàfù. Àìsàn yìí wọ́pọ̀ gan-an lára orí VDO (ilé iṣẹ́ Jámánì kan tó ń ṣe sípídómítà) tó wà nínú Mercedes àtijọ́ náà. Bí ilà kò bá pín, ẹ ka eyín gíà kọ̀ọ̀kan lábẹ́ iná: ẹ ó rí èyí tó kán tàbí tó sán. Ohun tó sábà máa ń kán an ni títẹ bọ́tìnì tó ń dá tírípù (nọ́ńbà kékeré tó ń ka ìrìn àjò kan ṣoṣo) padà sí òdo nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń lọ. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró kí a tó tẹ̀ ẹ́.

Fún gíà tó ń yọ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ fi sípírìtì nu ihò rẹ̀ àti ṣáàfù, ẹ fi fáìlì ha ibi tó jókòó sí kó lè ní ìdì, kí ẹ po Araldite, gúlù olóríṣi méjì tí a ń pò pọ̀, díẹ̀. Igi ọwọ̀ kan ni kí ẹ fi gbé e, ìwọ̀n orí abẹ́rẹ́ aṣọ ti tó. Ẹ jẹ́ kó gan fún wákàtí 24. Ọ̀pọ̀ ń lo súpà gúlù níbí, kò sì dára: èéfín rẹ̀ ń fún gíláàsì ike àti nọ́ńbà ní àwọ̀ funfun tí kì í lọ. Gíà tó bá ti kán eyín kò ṣeé lẹ̀. Ẹ gbé e dání lọ sí Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Èkó, tàbí ibi tí wọ́n ti ń ta orí sípídómítà tó ti bàjẹ́, kí ẹ wá irú rẹ̀ gan-an: iye eyín, fífẹ̀ àti ìwọ̀n ihò gbọ́dọ̀ dọ́gba.

Bí ẹ bá fẹ́ fa ṣáàfù àwọn nọ́ńbà jáde, ẹ kọ́kọ́ fi téèpù so wọ́n pọ̀. Àárín nọ́ńbà kan sí èkejì ni gíà wẹ́wẹ́ tó ń gbé iye kọjá wà, bí wọ́n bá sì tú ká, dídá wọn padà lè gba ọjọ́ kan. Ẹ má fi pẹtiróòlù nu nọ́ńbà, yóò ṣí ọ̀dà wọn. Ẹ má fi gírísì sí gíà ike, torí eruku ni yóò máa kó. Ẹ̀kán óyìlì máṣíìnì ìránṣọ kan ní ìdí ṣáàfù mágínẹ́ẹ̀tì ti tó.

Iye tí ẹ kọ sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ dá padà. Nínú òfin Amẹ́ríkà, bí kò bá ṣeé dá padà, òdo ni a gbọ́dọ̀ gbé e sí, kí a sì lẹ ìwé mọ́ férémù ilẹ̀kùn òsì, tó sọ iye tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ àti ọjọ́ àtúnṣe. Ó yẹ kí a máa ṣe bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ náà lẹ́yìn ọ̀la lẹ́tọ̀ọ́ sí òótọ́.

Kí ẹ tó dá dáṣíbọọ̀dù padà, ẹ fi díríìlì tí iyàrá rẹ̀ ṣeé dín kù dán orí náà wò. Ìka ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yí i, kí ẹ mọ apá tó ń gbé abẹ́rẹ́ sókè. Bí díríìlì bá yí i sódì, abẹ́rẹ́ lè tẹ̀. Ní ìyípo 637 láàárín ìṣẹ́jú kan, abẹ́rẹ́ yóò dúró sí 60, nọ́ńbà yóò sì ti kún ní kìlómítà kan. Lórí VDO, ẹ wo lẹ́tà W kékeré lójú rẹ̀: nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni iye ìyípo fún kìlómítà kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ wa kìlómítà 10 pẹ̀lú GPS fóònù. Bí máílééjì bá ka 9, bóyá torí táyà tó tóbi ju ti ilé iṣẹ́ lọ, ẹ fi 9 ṣe ìlọ́po iye eyín gíà, kí ẹ fi 10 pín in: eyín 33 yóò di 30. Tí ẹ bá sì ti wà á tó kìlómítà 100, ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ wo ìjókòó gíà náà bóyá óyìlì ń jò.