Bí mo ṣe tún píkọ́ọ̀pù Lightning mi ṣe fún ìdíje drag ní Ìlọrin

Ford F-150 SVT Lightning ti ọdún 2003 ni ọkọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Tọ́kùnbọ̀ ni, Èkó ni mo ti rà á, èmi fúnra mi ni mo sì wà á wá sí Ìlọrin. Àwọn tó bá rí i níbi tí mo gbé e sí ní Tánkẹ́ máa ń bi mí bóyá mo lè bá wọn kó sìmẹ́ńtì, nítorí pé ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣófo. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì V8 oní-lítà 5.4 ló wà lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀, Ford sì gbé supercharger Eaton M112 lé e lórí, ìyẹn ẹ̀rọ tí bẹ́líìtì ń yí, tí ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì ju èyí tí ẹ́ńjìnnì lè fà fúnra rẹ̀ lọ. Agbára ẹṣin 380 ni ó bá jáde nílé iṣẹ́, jíà rẹ̀ jẹ́ ọ́tò onípele mẹ́rin, ìwúwo rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní tọ́ọ̀nù méjì. Mo ní ọkọ̀ mìíràn tí mo fi ń lọ sí ibi iṣẹ́. Èyí wà fún ìgbádùn ọjọ́ Sátidé nìkan.

Nínú ìdíje drag, ọkọ̀ méjì a dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọn a sì sáré tààrà dé ibi tí a ti wọ̀n sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ẹgbẹ́ NHRA ti ń ṣètò rẹ̀ láti ọdún 1951, ìdá mẹ́rin máìlì, ìyẹn mítà 402, ni gígùn tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ pápá ló ń lo ìdajì rẹ̀, mítà 201. Ìdajì yìí ni èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mú, nítorí pé ọ̀nà ọ̀dà tó wà nínú ọgbà aládàáni kan lápá Ajàṣẹ́-Ìpo, tí ẹni tó ni ín gbà wá láyè láti lò, kò gùn tó kí ọkọ̀ tó wúwo báyìí sá mítà 402 kó sì tún rí àyè dúró láìfi bírékì jóná. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé orí títì ìjọba la ti ń sá a. Ewu tó wà lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ti tó ewu, a kò fẹ́ fi tiwa kún un.

Ẹni tó bá ra irú ọkọ̀ yìí ní Amẹ́ríkà, kì í pẹ́ tí yóò fi yọ púlì supercharger rẹ̀, tí yóò sì fi èyí tó kéré sí i rọ́pò rẹ̀, kí supercharger lè máa yí kíákíá, kí ìtì afẹ́fẹ́ sì kọjá psi 8 tí ilé iṣẹ́ fi sí i. Èmi kò fọwọ́ kan púlì náà. Ohun tí mo rò ni pé ní Ìlọrin, pẹ̀lú irú epo tí à ń rà àti irú oòrùn tó ń ràn, agbára tó wà nínú ẹ́ńjìnnì yìí tẹ́lẹ̀ ti pọ̀ ju èyí tí a ń rí lò lọ: ooru ń jẹ díẹ̀ níbẹ̀, táyà ẹ̀yìn sì ń fi èyí tó kù ṣòfò lórí ọ̀dà. Nítorí náà, mo pinnu pé owó mi yóò lọ sí orí ìtútù àti sí abẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, kó tó di pé mo wá agbára kún agbára.

Ọ̀rọ̀ epo ni kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣì í gbọ́. Ford ní kí a máa ra epo octane 91 fún ọkọ̀ yìí; octane ni ìwọ̀n bí epo ṣe lè fara da ooru àti ìtẹ̀mọ́ra tó láìbú fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, RON àti MON, ọ̀nà méjì tí a ń gbà wọn octane, ni wọ́n ń ro pọ̀ tí wọ́n sì ń pín sí méjì kí wọ́n tó kọ iye náà sára pọ́ọ̀ǹpù. 91 tiwọn sún mọ́ 95 tàbí 96 bí a bá fi RON nìkan wọ̀n ọ́n, bẹntiróòlù ilé epo wa kò sì dé ibẹ̀. Bí supercharger bá ti ń ti afẹ́fẹ́ pọ̀ mọ́ra ni afẹ́fẹ́ náà ń gbóná, bí afẹ́fẹ́ gbígbóná bá sì pàdé epo tí octane rẹ̀ kéré, epo á máa bú nínú sílíńdà kí iná púlọ́ọ̀gì tó jó o tán bó ṣe yẹ. Ìró rẹ̀ máa ń dà bí ìgbà tí ọmọdé bá ń mi ìṣó nínú agolo mílíìkì. Ẹ́ńjìnnì tí ìró yìí bá pẹ́ lára rẹ̀ yóò fọ́ písítìn, nínú ti Lightning pàápàá, ọ̀pá tó so písítìn mọ́ kíráńkì kì í lè gba ìyà púpọ̀ ju ti ilé iṣẹ́ lọ. Ká má tilẹ̀ wá sọ ti epo tó ní ìdọ̀tí, tàbí irú èyí tó wọ ìlú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, tí ìjọba fúnra rẹ̀ sọ pé mẹ́táńọ̀ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Mo wá ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ Ford dáadáa ní òkè òkun, a sì ń fi íméèlì bá ara wa ṣiṣẹ́. Mo so kọ̀ǹpútà alágbèéká mọ́ ihò OBD lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù, ibi tí a ti ń bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀, mo wa ọkọ̀ náà, mo fi àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ́ńjìnnì ń ṣe ránṣẹ́ sí i, òun náà sì dá ètò tuntun padà. Ó fa àsìkò iná púlọ́ọ̀gì sẹ́yìn ní ìwọ̀n díẹ̀, ó sì jẹ́ kí epo pọ̀ díẹ̀ sí i nígbà tí mo bá tẹ ẹsẹ̀ dé ilẹ̀, tó fi jẹ́ pé afẹ́fẹ́ 11.5 ló ń bá epo 1 lọ. Agbára díẹ̀ bá a lọ, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì náà kò dún bí agolo mọ́.

Ọ̀dọ̀ Àfáà, mẹkáníìkì mi lápá Gérí Alímì, ni a ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Iṣẹ́ kékeré ni nínú ọkọ̀ mìíràn, àmọ́ orí ẹ́ńjìnnì yìí, tí Ford ń pè ní Triton, jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù, okùn ihò tí púlọ́ọ̀gì ń wọ̀ kò sì ju bíi mẹ́rin lọ, ìdí nìyẹn tí ayé fi mọ̀ ọ́n mọ́ pé púlọ́ọ̀gì lè ta jáde láti inú rẹ̀. Àfáà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án nígbà tó ṣì gbóná. Wọ́n ní, "Jẹ́ kí ó tutù títí dé inú. Bí o bá fi agbára tú u báyìí, okùn ihò ni yóò bá a jáde." Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n kọ́kọ́ fi afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku inú ihò kọ̀ọ̀kan kúrò, kí iyanrìn má baà já bọ́ sínú sílíńdà, wọ́n sì wá ń tú wọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń dá a padà díẹ̀, wọ́n tún ń tú u. Àwọn méjì tó wà lẹ́yìn pátápátá, nọ́ńbà 4 àti nọ́ńbà 8, ni wọ́n gba àkókò jù, nítorí pé ọwọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ibẹ̀. Púlọ́ọ̀gì tuntun jẹ́ irú èyí tí ń tètè tutù ní ìpele kan ju ti àtijọ́ lọ, mo sì dín àlàfo ẹnu rẹ̀ kù sí 0.9 mm, kí ìtì afẹ́fẹ́ má baà fẹ́ iná rẹ̀ pa. Ọwọ́ lásán ni Àfáà fi dì wọ́n wọlé kí wọ́n tó fi súpánà oníwọ̀n parí rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni mo dojú kọ ooru. Lightning ní intercooler olómi: omi tí pọ́ọ̀ǹpù oníná ń yí kiri ló ń gba ooru lára afẹ́fẹ́ lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ bá ti kúrò nínú supercharger, rédíétọ̀ kékeré tó wà níwájú sì ń fẹ́ ooru náà dànù. Bí afẹ́fẹ́ ìta bá ti ń sún mọ́ 37°C, bó ṣe máa ń rí ní Ìlọrin nínú oṣù Kẹta, kò sí ohun tí rédíétọ̀ kékeré náà lè ṣe. Mo gbé kúlà ńlá kan sí ẹ̀yìn ọkọ̀, a fa rọ́bà omi gba ẹ̀gbẹ́ ṣáńsì lọ síwájú, a fi pọ́ọ̀ǹpù tó lágbára sí i rọ́pò ti àtijọ́, a sì fi táàpù méjì sí i, kí n lè yí omi kúlà sínú intercooler nígbà ìdíje nìkan. Ìyá tí ń ta áísì fún àwọn ẹlẹ́ja ní ọjà Ìpàtà ni mo ti ń ra áísì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, wọ́n bi mí pé, "Páálí ẹja mélòó lo ní?" Mo ní, "Ìyá, ẹ́ńjìnnì ni mo fẹ́ fi í tù lára." Wọ́n wò mí, wọ́n wo píkọ́ọ̀pù, wọ́n sì fi blọ́ọ̀kù kan kún un fún mi ní ọ̀fẹ́, bóyá àánú ni. Mo de ohun ìwọ̀n ooru kan mọ́ ọ̀nà afẹ́fẹ́ lẹ́yìn intercooler: láìsí áísì, ó ń fi 68°C hàn mí ní òpin eré, nígbà tí áísì wà níbẹ̀, kò kọjá 41°C.

Ní ti ẹ̀yìn ọkọ̀, mo gbà pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an wà. Gbogbo píkọ́ọ̀pù ló ní àrùn kan náà: ẹ́ńjìnnì wúwo níwájú, kò sí ẹrù lẹ́yìn, táyà ẹ̀yìn tó yẹ kó ti ọkọ̀ lọ kò sì rí ohun tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Sípíríǹgì pẹlẹbẹ tún dá kún un. Nígbà tí agbára bá dé ẹ̀yìn lójijì, táyà fẹ́ yí síwájú, ásùlù fúnra rẹ̀ sì fẹ́ yí sí òdìkejì. Sípíríǹgì a wá tẹ̀ bíi lẹ́tà S, a ta padà, a tún tẹ̀, táyà a sì máa fò lórí ọ̀dà dípò kó máa dì í mú. Ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n nínú eyín.

Wẹ́dà kan ní Baboko ló ṣe ọ̀pá ìdìmú méjì fún mi, tí ẹ̀yìn wọn so mọ́ ásùlù, tí iwájú wọn sì so mọ́ ṣáńsì pẹ̀lú búùṣì, kí ásùlù má baà lè yí mọ́. Kí ó tó tan iná, mo yọ orí bátìrì méjèèjì, nítorí pé iná wẹ́dà lè ba kọ̀ǹpútà ọkọ̀ jẹ́, a sì fi àpò tí a rì sínú omi bo ẹ̀gbẹ́ táǹkì epo. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má jó irin mọ́ ṣáńsì tààrà, kó lu ihò kó sì fi bóòtù dè é, kí a lè tú u bó bá di dandan. Ó kọ́kọ́ ta kò mí, ó ní bóòtù kò lè le tó ohun tí òun bá jó, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi bóòtù nípọn tí mo rà hàn án, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn irin. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ gan-an. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí ásùlù yóò dé bí ọkọ̀ bá wọ kòtò, kí ọ̀pá náà má baà gbá ilẹ̀, ohun tí èmi kò tilẹ̀ tíì rò dé.

Òun náà ló ṣe òrùka irin tó yí iwájú pùròpẹ́là ká. Òfin NHRA ni mo mú ìwọ̀n rẹ̀: irin tó nípọn tó ìdá mẹ́rin íńṣì, tó fẹ̀ tó íńṣì 2, tí kò sì jìnnà ju íńṣì 6 lọ sí oríkèé iwájú. Bí oríkèé náà bá já nígbà eré, pùròpẹ́là kò ní lè gún ilẹ̀ kó sì gbé ọkọ̀ sókè. A gbé bátìrì láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn, kí ìwúwo rẹ̀ lè bọ́ sórí táyà tó nílò rẹ̀, a sì fi suwíìṣì tí ń gé iná bátìrì sí ìta ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí ẹni tó bá wá gbà wá là lè tètè rí i. Àṣíborí, bẹ́líìtì àti ohun èlò ìpaná kò ṣe é ṣàlàyé púpọ̀. Ẹni tí kò bá ní wọn kì í bá wa sáré.

Táyà ni owó rẹ̀ ga jù. Drag radial méjì ni mo rà fún ẹ̀yìn, wọ́n rọ̀ ju táyà lásán lọ, afẹ́fẹ́ inú wọn sì gbọ́dọ̀ kéré kí ẹsẹ̀ wọn lè tẹ́ sílẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo ní kí fọ́kànáísà fi psi 18 sí i, ó wọ̀n ọ́n, ó tún wọ̀n ọ́n, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, táyà yín kò ní afẹ́fẹ́ o." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ ẹ. A pààrọ̀ òróró jíà ẹ̀yìn, a sì bu èròjà tí limited slip, ẹ̀rọ inú jíà ẹ̀yìn tí kì í jẹ́ kí táyà kan ṣoṣo máa yí lásán, nílò sínú rẹ̀, kí táyà méjèèjì lè jọ máa tì.

Òwúrọ̀ ọyẹ́ ni a lọ dán an wò, nígbà tí afẹ́fẹ́ tutù, tó sì gbẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ní láti gbọn eruku kúrò nínú fíítà afẹ́fẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Mo da omi díẹ̀ sílẹ̀, mo yí táyà ẹ̀yìn lórí rẹ̀ títí èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ fi jáde, mo sún síwájú dé ojú ìlà. Mo fi ẹsẹ̀ òsì di bírékì mú, mo gbé ẹ́ńjìnnì dé nǹkan bí ìyípo 1,600 ní ìṣẹ́jú kan, mo sì tú u sílẹ̀. Ọkọ̀ náà jókòó sẹ́yìn, kò fò, ó kàn lọ. Kí a tó ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí, ẹ̀rọ GPS tí a fi ń ka àkókò sọ pé ẹsẹ̀ bàtà 60 àkọ́kọ́ gbà mí ní ìṣẹ́jú àáyá 2.35, mítà 201 sì gbà mí ní 9.3. Lọ́tẹ̀ yìí, 1.95 àti 8.7 ni. Bí ẹ bá wò ó, ohun tó ju ìdajì àkókò tí mo jèrè lọ ló wá láti inú ẹsẹ̀ bàtà 60 yẹn, kí supercharger tó rí àyè ṣe ohunkóhun tó pọ̀. Nígbà tí a tún un sá ní ọ̀sán, tí áísì sì ti yọ́ tán nínú kúlà, ó padà sí 8.9.

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, màá yọ drag radial náà kúrò, nítorí pé wọn kì í di ilẹ̀ tútù mú. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ní Tundra ti ní kí wẹ́dà Baboko bá òun náà ṣe ọ̀pá ìdìmú. Sípíríǹgì pẹlẹbẹ ló wà lẹ́yìn tirẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ṣáńsì rẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi, nítorí náà a ó gbé e sórí jáákì lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, a ó sì wọ̀n ọ́n kí ẹnikẹ́ni tó gé irin.