Ẹ Má Fi Káńfọ̀ Tọ́jú Aṣọ Ọmọ Tuntun

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa ní Kubwa, Nyanya, Karu àti Gwagwalada, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹ àpótí tí ẹ kó aṣọ ọmọ tí ẹ ń retí sí wò. Bí káńfọ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ lónìí.

Ìdí ni pé káńfọ̀ lè ba sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa àwọn ọmọ kan jẹ́. Glúkóòsì, ìyẹn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, nìkan ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa fi ń rí agbára. Àwọn ẹ́ńsáìmù, ìyẹn èròjà tó ń mú iṣẹ́ yá nínú ara, tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì náà ló ń tú ṣúgà yìí palẹ̀. ATP méjì ni èrè tí wọ́n ń rí lórí glúkóòsì kan, òun ló sì ń gbé agbára tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣiṣẹ́ ní nǹkan bí 120 ọjọ́ tó ń lò láyé. Ẹ́ńsáìmù kan wà tó ń jẹ́ G6PD. Ó máa ń ya díẹ̀ lára ṣúgà náà sọ́tọ̀ láti fi dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì. Ẹni tí G6PD rẹ̀ kò bá tó, naphthalene inú káńfọ̀ á ba sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jẹ́ bí ìrì ṣe ń mú ọkọ́ dípẹtà, sẹ́ẹ̀lì á sì bẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún àìtó yìí, ìyá náà sì lè má mọ̀ rárá. Ó wọ́pọ̀ láàárín wa nílẹ̀ tí ibà ti ń jà látayébáyé.

Kò dìgbà tí ọmọ bá gbé káńfọ̀ mì. Òórùn rẹ̀ ń gba imú wọlé, ó sì ń gba awọ ara wọlé. Bí ẹ bá fi òróró pa ọmọ lára, tí ẹ wá fi ṣọ́ọ̀lù tí màmá àgbà ti tọ́jú pẹ̀lú káńfọ̀ wé e nítorí ọyẹ́, kíákíá ló ń wọ ara rẹ̀. Aṣọ tó ń rùn káńfọ̀, ẹ fi sílẹ̀, kódà bó jẹ́ ti ìkómọ.

Bí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ bá ń bẹ́, ara ọmọ lè ní àwọ̀ ìyeyè; òun ni à ń pè ní ibà pọ́njú. Ẹ gbé ọmọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà, ẹ fi ìka tẹ iwájú orí rẹ̀, kí ẹ sì tú u sílẹ̀. Bí ibẹ̀ bá ní àwọ̀ ìyeyè, tàbí tí funfun ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ilé ìwòsàn yá. Bí kò bá fẹ́ mu ọmú, tó ń sùn jù, tó ń ké lóhùn tín-ín-rín tàbí tó ń tẹ ẹ̀yìn kọrọdọ, ẹ má dúró dọ̀la, nítorí ibà pọ́njú tó bá pọ̀ jù lè ba ọpọlọ jẹ́. Oòrùn òwúrọ̀, omi glúkóòsì àti omi ìbẹ́pẹ kò lè wò ó. Iná aláwọ̀ búlúù ni wọ́n máa gbé e sí nílé ìwòsàn. Nígbà mìíràn, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ẹ ní kí wọ́n yẹ G6PD rẹ̀ wò. Tí àyẹ̀wò bá ní kò séwu lásìkò tí ẹ̀jẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, torí sẹ́ẹ̀lì tuntun máa ń ní ẹ́ńsáìmù yìí ju ti àtijọ́ lọ. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí wọ́n tó fún un ní oògùn primaquine tàbí dapsone.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ má ju káńfọ̀ sínú ẹ̀wà nítorí kòkòrò. Àpò onípele mẹ́ta ni kí ẹ rà: ẹ gbẹ ẹ̀wà dáadáa, ẹ fún afẹ́fẹ́ jáde, kí ẹ sì di ẹnu ọ̀rá méjèèjì inú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ tó di ti ìta.