Bí a ṣe ń ṣe àwo orin ijó oníkọ̀ǹpútà tí oríṣiríṣi olórin máa kọ sí

Bíìtì kọ́ ni wàhálà irú àwo báyìí o. Tí ohùn èèyàn márùn-ún mẹ́fà bá ti wọ inú ẹ̀, tí orin kan jẹ́ house (irú orin ijó kan), tí ìkejì fẹ́ dà bíi rọ́ọ̀kì, kó má lọ dún bíi pé wọ́n ṣà á jọ niṣẹ́ wà. Ẹ lọ gbọ́ àwo Kish Kash tí ẹgbẹ́ Basement Jaxx ṣe ní London ní 2003: Siouxsie Sioux tó jẹ́ olórin pọ́ńkì wà níbẹ̀, Dizzee Rascal ń rap, JC Chasez tó wá láti ẹgbẹ́ olórin 'NSYNC, Lisa Kekaula tóhùn ẹ̀ ń bú bí ìjì, síbẹ̀ téèyàn bá ń gbọ́ ọ, á mọ̀ pé ilé kan náà ni gbogbo wọn ti jáde. Òun ló gba Grammy ní 2005, ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ ya ẹ̀bùn sọ́tọ̀ fún àwo orin ijó oníkọ̀ǹpútà.

Ẹ kọ́kọ́ mú ohun kan tó máa wà nínú gbogbo orin yẹn, ì báà jẹ́ ìró kick (ìlù ńlá tó ń dún gbì) kan náà tàbí béèsì (ìró ìsàlẹ̀) kan báyìí. Ìyókù lè máa yí. House máa ń wà láàárín 120 sí 130 BPM (iye ìlù ní ìṣẹ́jú kan), drum and bass, irú orin ijó míì tó yára, sì lè sáré dé 174. Tí onírap bá ní 174 ti yá jù, ẹ ní kó kà á ní 87, ìlù á máa sáré lọ lábẹ́, òun á máa rọra sọ tiẹ̀ lókè, ó sì máa ń dùn gan-an.

Olórin wá kù. Ẹ má torí orúkọ pe èèyàn jàre, ohùn tí ò jọra lẹ ń wá. Kẹ́ ẹ tó to kọ́ọ̀dù (àwọn ohùn tó ń dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà), ẹ bi í pé kíì wo, ìyẹn bí orin ṣe ga tàbí rẹlẹ̀ tó, ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn, torí bíìtì ṣeé wọ́ wálẹ̀ kíá, àmọ́ tó bá jẹ́ ohùn lẹ fi kọ̀ǹpútà fà jù, á bẹ̀rẹ̀ sí í dún bíi ti iwin.

Bíìtì tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́, ìlù, béèsì àti kọ́ọ̀dù ti tó. Ọ̀pọ̀ prodúsà á ti kó ogún nǹkan sínú ẹ̀, olórin ò wá ríbi dúró sí, ó kàn máa pariwo ni.

Tó bá jẹ́ pé ìlú míì ló ti máa kọ ọ́, ẹ ṣàlàyé fún un dáadáa: fáìlì WAV, 24-bit, 48 kHz, kó má fi reverb (tó ń mú ohùn dún bíi pé inú gbọ̀ngàn ló wà) tàbí Auto-Tune (tó ń tún ohùn tó ṣì ṣe) sí i, kó lo hẹ́dífóònù tó bo etí kí bíìtì má jò wọnú máìkì, kó pa fáànù. Kó bẹ̀rẹ̀ fáìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ bíìtì gan-an, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn ẹ̀ ló máa tó lanu, kó lè jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ti sọ ọ́ sínú iṣẹ́, á bọ́ sójú ibi tó yẹ fúnra ẹ̀. Tó bá jẹ́ WhatsApp ló fẹ́ lò, kó fi ránṣẹ́ bíi document, kì í ṣe voice note o!

Tóhùn bá ti dé, ẹ padà lọ tún bíìtì ṣe yí i ká. Ẹ gé ìsàlẹ̀ ohùn kúrò, bíi 80 Hz sísàlẹ̀, kó fi àyè sílẹ̀ fún béèsì, kẹ́ ẹ sì lo sidechain kí béèsì máa fà sẹ́yìn díẹ̀ nígbàkigbà tí kick bá dún. Ẹ lè gé ọ̀rọ̀ kan nínú orin ẹ̀, kẹ́ ẹ máa lù ú bí ìlù, èmi fẹ́ràn ìyẹn gan-an, àmọ́ ẹ jẹ́ kí olórin gbọ́ ọ kó tó jáde, àwọn míì kì í fẹ́ kí wọ́n gé ohùn àwọn wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ kí orin tó jáde: ìdá mélòó ni ti olórin nínú orin tẹ́ ẹ jọ kọ, ta ló ni fáìlì, àti bó ṣe fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ gan-an, torí tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ gbòdì, ojú ewé ẹlòmíì lorin yẹn lè lọ jókòó sí lórí Spotify.