Bí Bàtà Aláwọ Ọkùnrin Ṣe Lè Pẹ́ Kí Ó Tó Gbó

Àwọn ẹ̀yà kan wà lára bàtà aláwọ tí a lè pààrọ̀ nígbà tí wọ́n bá jẹ tán, àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti bàjẹ́, bàtà náà ti parí nìyẹn. Ìsàlẹ̀ bàtà, gìgísẹ̀ rẹ̀ àti okùn rẹ̀ wà nínú àwọn ti àkọ́kọ́. Awọ òkè tí ó bo ẹsẹ̀, àti awọ pẹlẹbẹ tí àtẹ́lẹsẹ̀ ń tẹ̀ nínú bàtà, wà nínú àwọn ti èkejì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí bàtà tàbí búùtù òun lò tó ọdún 20 gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ awọ òkè àti awọ inú yìí ju ohun gbogbo lọ, torí pé atúnbàtàṣe lè bá a mójú tó ìyókù.

Ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ bá ti fẹ́ rà á. Ẹ wo bí wọ́n ṣe so ìsàlẹ̀ bàtà mọ́ òkè rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù nìkan lẹ̀ kì í sábà ṣe é tún ṣe dáadáa. Ọ̀nà ìránbàtà tí mo fara mọ́ jù ni ti Goodyear, tí a fi orúkọ Charles Goodyear Kékeré pè, ọmọ ẹni tí ó ṣàwárí bí a ṣe ń fi imí ọjọ́ àti ooru mú kí rọ́bà le. Nínú ọ̀nà yìí, wọ́n á kọ́kọ́ rán ọ̀já awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ awọ òkè àti awọ inú, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá rán ìsàlẹ̀ mọ́ ọ̀já náà, débi pé nígbà tí ìsàlẹ̀ bá jẹ, okùn kejì nìkan ni atúnbàtàṣe yóò tú, kò sì ní fọwọ́ kan èyí tí ó di òkè mú. Ti Blake, tí Lyman Blake ará Amẹ́ríkà gba ẹ̀tọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ ní ọdún 1858, yàtọ̀ sí i: okùn kan ṣoṣo ni ó gba inú bàtà kọjá sí ìsàlẹ̀. Ó fúyẹ́, ó sì rọ̀ lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n omi lè gba ojú ìrán rẹ̀ wọlé.

Ẹ tún fi ìka tẹ awọ òkè. Bí ó bá hunjọ wínníwínní, tí ó sì tún na padà, awọ tí wọn kò fá ojú rẹ̀ ni ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́. Awọ tí wọ́n ti fá, tí wọ́n wá fi ọ̀dà dídán bò, máa ń lẹ́wà nígbà tí ó bá ṣì tuntun, àmọ́ ọ̀dà yẹn yóò sán níbi tí ẹsẹ̀ ti ń ṣẹ́po, ìpara kankan kò sì lè gba ibẹ̀ wọlé.

Òógùn ẹsẹ̀ ni ọ̀tá tí a kì í rí. Awọ inú ni ó ń fa òógùn yìí mu láti àárọ̀ títí di alẹ́, bí a bá sì tún wọ bàtà náà ní ọjọ́ kejì kí ó tó gbẹ, iyọ̀ inú òógùn á máa kó jọ sínú awọ títí yóò fi le gbagidi tí yóò sì sán. Ẹ jẹ́ kí bàtà sinmi fún ọjọ́ kan ó kéré tán lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ bá wọ̀ ọ́. Lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá bọ́ ọ, ẹ ti igi tí wọ́n gbẹ́ bí ẹsẹ̀ bọ inú rẹ̀ nígbà tí awọ ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́; igi kédárì tí wọn kò kùn lọ́dà ni ó dára jù, nítorí ó ń fa ọ̀rinrin mu, ó sì ń na ibi tí ó ti hunjọ.

Tí òjò bá pa á, ẹ má ṣe gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná tàbí sínú oòrùn rárá. Kọ́lájẹ́nì, ìyẹn purotéènì inú awọ ara ẹranko, ni awọ, ooru tí awọ gbígbẹ lè fara dà sì lè mú kí awọ tútù súnkì; bí ó bá ti súnkì, kò sí òróró tí yóò dá a padà. Ẹ fi aṣọ nu omi ara rẹ̀, ẹ ki ìwé ìròyìn sínú rẹ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ìwé náà bí ó bá ti tutù. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ bàtà lélẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ní ti pọ́líìṣì, mo rò pé àpọ̀jù ń ba bàtà jẹ́ ju àìtó lọ. Ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku kúrò lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan, torí eruku tí ó bá kó sójú ìhunjọ á máa ha awọ. Ìpara díẹ̀ tó nígbà tí awọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ìda líle tí ń mú bàtà dán kò yẹ ju ṣóńṣó orí àti ẹ̀yìn gìgísẹ̀ lọ. Bí a bá fi í sí ibi tí bàtà ti ń ṣẹ́po, yóò sán sí ibẹ̀.

Ẹ pààrọ̀ rọ́bà gìgísẹ̀ kí ó tó jẹ dé awọ tí ó wà lókè rẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àárín ìsàlẹ̀ bàtà. Bí ó bá ti ń rọ̀ wọlé, àkókò ti tó láti pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ó bá lu. Búùtù tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ polyurethane, irú ike rírọ̀ kan, tún ní ìṣòro tirẹ̀: ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lè sọ ọ́ di ẹ̀rúnrún níbi tí a gbé e pamọ́ sí, bí a kò tilẹ̀ wọ̀ ọ́, nítorí náà lílò ni kí ẹ máa lò ó.

Kí ẹ tó sanwó fún ìsàlẹ̀ tuntun, ẹ kọ́kọ́ wo inú bàtà. Bí awọ inú bá ti sán láti etí kan dé èkejì, ẹ má ṣe náwó náà, nítorí kò ní sí ohun tí okùn ìrán yóò dì mú mọ́.