Bí a ṣe lè mọ ibi tí kálísíọ̀mù ti ń wá nígbà tí acetylcholine bá kan sẹ́ẹ̀lì iṣan

Ohun tí ó sábà máa ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà ni pé ó rò pé ojú olùgbà acetylcholine (ilẹ̀kùn lára awọ sẹ́ẹ̀lì tí acetylcholine, kẹ́míkà tí ń mú àṣẹ wá fún iṣan pé kí ó súnkì, ń ṣí) ni kálísíọ̀mù tí ń mú iṣan súnkì ń gbà wọlé. Lóòótọ́, díẹ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n sódíọ̀mù ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ń wọlé. Òun ni ó ń yí agbára iná ara awọ sẹ́ẹ̀lì padà, tí ìyípadà náà ń sáré gba inú àwọn ihò T-tubule dé ọ̀dọ̀ Cav1.1, purotéènì tí ń mọ ìyípadà iná náà, tí Cav1.1 sì ń ṣí ilẹ̀kùn RyR1 lára àpò tí sẹ́ẹ̀lì ń kó kálísíọ̀mù pamọ́ sí. Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí i, ẹ ṣe báyìí.

Ẹ lo C2C12, irú sẹ́ẹ̀lì iṣan eku tí a ń tọ́jú nínú àwo. Nígbà tí wọ́n bá kún ojú àwo, ẹ pààrọ̀ oúnjẹ wọn sí èyí tí omi ẹ̀jẹ̀ ẹṣin jẹ́ 2% nínú rẹ̀, kí ẹ sì dúró fún nǹkan bí ọjọ́ 5 títí wọn yóò fi so pọ̀ di ọ̀pá gígùn. Ẹ má kánjú níbí, nítorí sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì so pọ̀ kò tíì ní ètò tí à ń wí yìí dáadáa. Ẹ rẹ wọ́n sínú àwọ̀ Fluo-4 AM fún 30 ìṣẹ́jú, ẹ ṣan èyí tó kù dànù, kí ẹ sì fi ìmọ́lẹ̀ 488 nm wò wọ́n: bí kálísíọ̀mù bá ti ń pọ̀ sí i nínú wọn ni wọn yóò máa tàn sí i.

Ẹ fi acetylcholine sí àwo kìíní, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ lórí wọn, nítorí olùgbà tí ó bá ti rí i fún ìgbà pípẹ́ kì í dáhùn mọ́. Ní àwo kejì, ẹ kọ́kọ́ fi α-bungarotoxin, oró ejò tí ń dí olùgbà náà pa, sí i fún 20 ìṣẹ́jú kí ẹ tó fi acetylcholine sí i. Bí wọ́n bá ṣì ń tàn lẹ́yìn náà, kì í ṣe olùgbà yìí ni ẹ ń wò. Àwo kẹta ni ó ṣe kókó jù: ẹ fi omi tí kò ní kálísíọ̀mù, tí ó ní EGTA (kẹ́míkà tí ń di kálísíọ̀mù tó bá ṣẹ́kù mú), rọ́pò omi tó yí wọn ká, ẹ sì tètè fi acetylcholine sí i kí àpò inú tó gbẹ. Bí wọ́n bá tàn, inú sẹ́ẹ̀lì ni kálísíọ̀mù náà ti jáde.

Bí wọn kò bá tàn, ẹ má tíì gbà pé ìta ni ó ti ń wá. Ẹ fi káfíìnì 10 mM sí i, èyí tí ń ṣí RyR1 fúnra rẹ̀. Bí kò bá sí ìdáhùn síbẹ̀, àpò ti gbẹ tàbí sẹ́ẹ̀lì kò tíì dàgbà tó, àwo náà kò sì fi ohunkóhun hàn.