Ẹ má ṣe báyìí tẹ́ ẹ bá ń ya fótò dúdú-àti-funfun lọ́jọ́ Arugbá

Tó bá ti di oṣù kẹjọ, tí ọdún Ọ̀ṣun bá dé, àwọn onífótò á tún ya bo Òṣogbo, ti kámẹ́rà ti fóònù, gbogbo wọn á fẹ́ ya Arugbá, ọmọbìnrin tó ń ru igbá ẹbọ, bó ṣe ń ti ààfin Àtaọ́ja lọ sí igbó Ọ̀ṣun, tó bá sì tó ọjọ́ mélòó kan a ó máa rí fótò dúdú-àti-funfun lórí íntánẹ́ẹ̀tì tójú gbogbo èèyàn inú ẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ti sú mi jàre.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù: fótò ò dáa, wọ́n á ní káwọn yọ àwọ̀ ẹ̀ kúrò, bóyá á jọ iṣẹ́ ọ̀gá. Kò lè jọ ọ́. Tó bá jẹ́ ide tó ń dán lọ́wọ́ ìyá kan ló fà yín mọ́ra, àwọ̀ lẹ rí yẹn, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fìlà pupa níwájú ewé, lójú wa wọ́n yàtọ̀ gan-an, àmọ́ tẹ́ ẹ bá yọ àwọ̀ tán, àwọn méjèèjì lè di eérú kan náà, fìlà á sọnù sínú ewé. Ẹ yí kámẹ́rà sí dúdú-àti-funfun kẹ́ ẹ tó ya, kẹ́ ẹ lè rí bó ṣe máa rí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó tọ́jú RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì yí nǹkan kan padà nínú ẹ̀, torí àwọ̀ ṣì wà nínú RAW, ẹ lè padà fi kọ̀ǹpútà mú ewé ṣókùnkùn kí pupa mọ́lẹ̀ sí i.

Ti ìmọ́lẹ̀ wá ńkọ́? Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Kámẹ́rà ò mọ̀ pé aṣọ funfun lòun ń wò. Tí funfun bá kún iwájú ẹ̀, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú ẹni tó wọ aṣọ á ṣókùnkùn. Tó bá wá jẹ́ abẹ́ igi tó ṣú ló kún iwájú ẹ̀, á fi kún ìmọ́lẹ̀, aṣọ á jó, ẹ ò ní rí ìlà kankan lára ẹ̀ mọ́. Ojú èèyàn ni kẹ́ ẹ fi wọn ìmọ́lẹ̀, lórí fóònù ẹ fọwọ́ tẹ ojú ẹni náà, kẹ́ ẹ wá wo aṣọ, tó bá ti fẹ́ jó ẹ dín in kù díẹ̀, torí òkùnkùn ṣeé gbé sókè lẹ́yìn, funfun tó bá ti jó ti lọ nìyẹn. Inú igbó máa ń ṣókùnkùn, ẹ má torí ẹ̀ tan fíláàṣì sáwọn èèyàn lójú o, ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó, ni kẹ́ ẹ gbé sókè. Fún onílù àtoníjó, ẹ fi shutter, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí pa dé tó, sí 1/500 ìṣẹ́jú-àáyá, kí ara wọn má bàa rí bàìbàì.

Ẹ má sáré síwájú Arugbá. Wúńdíá látilé ọba ni, igbá ẹbọ ìlú ló wà lórí ẹ̀, wọ́n sì gbà pé kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kọ, ẹ̀yin wá ń fẹ̀yìn rìn níwájú ẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà, kí lẹ rò pé àwọn tó ń ṣọ́ ọ máa ṣe fún yín? Ẹ kọjú sí èrò, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ yí orí ká, tí wọ́n ń ju ìṣòro wọn sọ́nà ibi tó ń gbà kọjá. Fótò wà níbẹ̀ yẹn.

Ẹ má sì dúró lódìkejì títì kẹ́ ẹ máa fi lẹ́ǹsì 200mm tó ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ jí ojú èèyàn yà. Ẹ sún mọ́ wọn, "ẹ kú ọdún mà, ṣé kí n yà yín?", ẹni tó bá kọ̀, ẹ dúpẹ́ kẹ́ ẹ máa lọ. Pierre Verger, onífótò òyìnbó Faransé tó di babaláwo tí wọ́n sọ ní Fátúmbí, Rolleiflex ló máa ń lò, kámẹ́rà tí wọ́n ń gbé sí àyà tí wọ́n ń wò látòkè, kì í bo ojú onífótò, ẹni tí wọ́n ń yà á máa rí ojú ẹ̀ dáadáa. Àwọn obìnrin tó ń sunkún tọrọ ọmọ létí odò, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni tí òrìṣà gùn náà, kò sí bó ṣe lè fún yín láyè nígbà yẹn.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni kí wọ́n fi ìlà àti èérí kún fótò, kó lè dà bíi ti 1920, kí wọ́n wá gé ọmọkùnrin tó mú fóònù dání kúrò. Kí ló dé? UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà, fi igbó Ọ̀ṣun yẹn sára ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005, àwọn tó ń bọ Ọ̀ṣun níbẹ̀ ṣì wà láàyè. Ẹ jẹ́ kí fóònù wà níbẹ̀, àti piọ́ wọ́tà, àti fìlà onígbọ̀wọ́.

Ẹ má sì kọ "olórìṣà" sábẹ́ fótò gbogbo ẹni tó bá wọ funfun. Mùsùlùmí wà níbẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì wà níbẹ̀, àwọn mìíràn kàn wá wòran ni, tí ará ṣọ́ọ̀ṣì ẹnì kan bá wá rí fótò yẹn, ẹni tẹ́ ẹ yà ló máa jẹjọ́ ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin. Tẹ́nì kan bá sì ní kẹ́ ẹ pa á rẹ́, ẹ pa á rẹ́ lójú ẹ̀, kẹ́ ẹ tún ṣí ibi tí fóònù ń kó fótò tí wọ́n ti pa rẹ́ sí, kẹ́ ẹ yọ ọ́ níbẹ̀ náà.