Oṣù mẹ́ta tí mo fi tọ́jú Tanímọ̀la, ajá wa àgbà

Ọdún 2012 ni bàbá mi gbé Tanímọ̀la wálé nínú apẹ̀rẹ̀. Bàbá ti lọ sinmi. Ajá náà ló kù sí èmi àti màámi lọ́wọ́ nílé wa ní Ìkẹ́rẹ́. Nígbà tí ọyẹ́ dé lóṣù Kejìlá, ó ti pé ọdún 13, kò sì dìde wá pàdé mi lẹ́nu géètì mọ́. Á nà gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì títí oòrùn á fi mú. Bó bá fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ iwájú ló máa fi gbéra, á wá máa wọ́ tẹ̀yìn bọ̀. Ojú rẹ̀ ti ní kùrukùru.

Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń sọ pé, "Ó ti darúgbó ni." Bàbá kan ládùúgbò ní kí n tètè tà á fún àwọn tó fẹ́ fi bọ Ògún kó tó kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà," mo sì wọlé. Mi ò lè ta ohun tí bàbá mi fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́.

Àmọ́ mo ti ṣe àṣìṣe kan tó ṣì ń dùn mí. Mo fún un ní ìlàjì ibuprofen tí màámi ń lò fún orúnkún, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo.

Mo gbé e lọ sí Adó. Awakọ̀ méjì kọ̀ wá. Ẹ̀kẹta ní kí n san owó gbogbo ìjókòó, kí n sì tẹ́ ọ̀rá sẹ́yìn ọkọ̀. Dókítà ẹran ò tíì fọwọ́ kan ajá tó fi bi mí pé, "Àǹtí, ṣé ẹ ti fún un lóògùn èèyàn kankan?" Mo jẹ́wọ́. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ibuprofen máa ń dá egbò sí ajá níkùn, ó sì lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ó béèrè bóyá ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, nítorí bí inú bá ń ṣẹ̀jẹ̀, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Mo ní rárá. (Ẹ̀yin tó ń sin ológbò, ẹ gbọ́: ẹyọ paracetamol kan péré lè pa ológbò.)

Lẹ́yìn náà ló wá ń fọwọ́ tẹ oríkèé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ìbàdí, Tanímọ̀la yíjú padà, ó sì ń lá a lọ́wọ́ bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀.

"Ibí ló ti ń dùn ún. Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló dá a dùbúlẹ̀, Àǹtí. Ìrora ni. Bí nǹkan bá ń dun ajá lójoojúmọ́, kì í ké. Á kàn jókòó sójú kan."

Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀. Oṣù mélòó ni mo ti fi ń sọ fáwọn èèyàn pé ogbó ni!

Ó tan tọ́ọ̀ṣì sójú rẹ̀, ó ní àárín ẹyinjú ló ń le bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, pé ó ṣì ń ríran.

Kí n tó padà lọ, ó ní kí n wọn omi tó ń mu, torí pé bí kíndìnrín ajá àgbà bá ń kú lọ, á máa mumi, á sì máa tọ̀ ṣáá. Kílò 16 ni Tanímọ̀la. Bó bá ń mu ju mílílítà 100 lọ lóòjọ́ fún kílò kan, ìyẹn mílílítà 1,600, ó yẹ ká fura. Mo rọ omi kún ike lítà kan àtààbọ̀ láràárọ̀, inú rẹ̀ nìkan ni mo ti ń bù fún un, mo sì dé garawa ẹ̀yìnkùlé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kò mu tó lítà kan lóòjọ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà dára.

Wọ́n jẹ́ kí ibuprofen kúrò lára rẹ̀ pátápátá kí wọ́n tó fún un ní meloxicam, oògùn ìrora ti ajá, torí pé oògùn méjì irú yẹn ò gbọdọ̀ pàdé nínú ara. Bó ṣe wúwo sí ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. Bó bá jẹun tán ni mo ń fún un, mo sì ń yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò láràárọ̀. Wọ́n ní bó bá bì tàbí tó kọ oúnjẹ, kí n dá oògùn náà dúró, kí n sì pè wọ́n.

Iṣẹ́ ilé ló pọ̀ jù. Àbúrò mi tó jẹ́ káfíńtà na pákó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, ó sì kan ògbólógbòó kápẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni ajá náà fi kọ̀ ọ́. Mo wá ń to ẹja gbígbẹ wẹ́wẹ́ sórí rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè, ó sì ń ṣà á jẹ títí ó fi gùn ún tán. Mo tẹ́ fóòmù sí igun tí atẹ́gùn ọyẹ́ ò dé. Mo gé èékánná rẹ̀ tó ti ká kò. Etí rẹ̀ ti di, nítorí náà mo máa ń fẹsẹ̀ kilẹ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n yọ eyín kan tó ti jẹrà. Màámi ló ń po ẹ̀kọ pẹ̀lú ẹja fún un, láìsí àlùbọ́sà, torí pé ó máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́.

Ní báyìí, a ń rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, dé ibi tí a ti ń rí òkè Olósùnta, á jókòó díẹ̀, a ó sì padà. Oògùn tó ń lò yẹn gba kí wọ́n máa yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò látìgbàdégbà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ la ó tún lọ. Mo ti bá awakọ̀ yẹn sọ ọ́.